Àárọ̀ Ọyẹ́ àti Ohun Tó Bá Ẹ̀kọ Rìn

Lọ́dún 2024, owó ẹ̀wà fò sókè jákèjádò Nàìjíríà. Láàárín ọdún kan, iye tí wọ́n ń tà á ti ju ìlọ́po méjì lọ, ara àkàrà ló sì ti kọ́kọ́ hàn. Àkàrà kọ́kọ́ kéré. Lẹ́yìn náà ló fúyẹ́, tí ènìyàn á jẹ ẹ́ tán tí kò ní mọ̀ pé òun fi nǹkan sẹ́nu. Nígbà tí ọyẹ́ ìparí ọdún náà máa fi wọlé, alákàrà kan tó ti ń dáná tipẹ́ ní ìkóríta kan ní Iléṣà ti gbé agbada rẹ̀ tì. Sítóòfù onígáàsì ló gbé kalẹ̀ dípò rẹ̀, Indomie ló sì ń sè fún àwọn ọmọ tó ń lọ sílé ìwé.

Kò sẹ́ni tó lè bá a wí. Oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ kò mérè wá mọ́ gbọ́dọ̀ wá òmíràn tà, àwọn ọmọ náà kò sì jẹ̀bi. Wọ́n yí i ká nínú kùrukùru òwúrọ̀, ètè wọn funfun, ooru oúnjẹ ń rú sí wọn lójú, wọ́n ń fẹ́ ẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òǹkọ̀wé yìí dúró wò wọ́n. Ojú ọ̀nà yẹn kan náà ni òun náà ti máa ń ra ẹ̀kọ gbígbóná nígbà tó wà lọ́mọdé, ní àárín àwọn ọdún 1960. Kì í ṣe adùn ẹ̀kọ ìgbà náà ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ọmọ kan nílé kejì ló rántí, tó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná láràárọ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú.

Ọyẹ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kì í ṣeré. Láti ìhà aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ náà ti ń bọ̀. Ó máa ń dé ní nǹkan bí ìparí oṣù Kọkànlá, ó sì lè má kúrò pátápátá títí di oṣù Kẹta. Nígbà náà, ìwọ̀nba ọmọ ló ní súwẹ́tà. Aṣọ ìyá ni wọ́n máa ń so mọ́ ọmọ lọ́rùn, kókó rẹ̀ á wà lẹ́yìn, tí aṣọ náà á máa wọ́ nílẹ̀ tẹ̀lé ọmọ náà káàkiri agbàlá. Wọ́n á fi òrí pa á lẹ́sẹ̀ àti lójú kí awọ rẹ̀ má baà sán. Bí ìyá bá ti dáná sí ààrò, gbogbo ọmọ inú agboolé á sún mọ́ ọn, wọ́n á na ọwọ́ síná, èéfín á sì mú wọn lójú. Ẹni tó bá jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ń darí èéfín sí kì í fẹ́ dìde, torí tó bá dìde, ẹlòmíràn á gba àyè rẹ̀.

Ohùn Ìyá Ẹlẹ́kọ ló máa ń tú wọn ká. Ìkòkò tí wọ́n fi aṣọ wé yí po kí ooru má baà jáde ni wọ́n máa ń rù wá, wọ́n á sọ̀ ọ́ sí abẹ́ igi, àwọn ọmọ á sì sáré dé pẹ̀lú kọ́ọ̀pù tánganran lọ́wọ́. Eépìnnì kan, owó ẹyọ ìgbà náà, tó láti ra ẹ̀kọ tó máa kún kọ́ọ̀pù. Ìyá Ẹlẹ́kọ á fi ahá bù ú láti ìsàlẹ̀ ìkòkò, wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á sì jẹ́ kó máa ṣàn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, funfun, kíki, tí kò já. Bí ọmọ bá fi máa délé, awọ fẹ́lẹ́ kan á ti dà bò ó lójú. Awọ yẹn ni wọ́n máa ń fi ìka ká jẹ kí wọ́n tó mu ìyókù. Wọn kì í lo ṣíbí. Etí kọ́ọ̀pù ló ń kọ́kọ́ tutù, nítorí náà, ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n mu á máa yí kọ́ọ̀pù náà po díẹ̀díẹ̀, á máa fà á láti etí, títí yóò fi kan àárín níbi tó ṣì ti ń jóni lẹ́nu. Kíkan rẹ̀ máa ń ta ahọ́n díẹ̀. Ṣúgà kò sí níbẹ̀, àfi nílé tí bàbá bá ti gbowó oṣù.

Láti oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ìjọba ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ti sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ tó ń jáde nílé ní kùtùkùtù pọ̀ sí i, àwọn ẹlẹ́kọ àti alákàrà sì mọ ọ̀nà ilé ìwé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni wọ́n máa ń jókòó. Alákàrà ti fi òru bó èèpo ẹ̀wà, ó ti lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, ó ti fi orógùn lù ú títí ó fi wú. Epo pupa ló fi ń dín in. Ìró rẹ̀ nínú epo gbígbóná máa ń dé etí ọmọ kí òórùn rẹ̀ tó dé imú, ewé ni wọ́n sì fi ń dì í lé ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ tó bá ní eépìnnì méjì á ra ẹ̀kọ, á ra àkàrà. Ọmọ tó bá ní ẹyọ kan á ra ẹ̀kọ nìkan, torí ẹ̀kọ ló ń yó ni, òun ló sì ń gbóná ju.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Àgbàdo ní purotéènì, àmọ́ lysine àti tryptophan tó wà nínú rẹ̀ kò tó fún ọmọ tó ń dàgbà. Lysine pọ̀ nínú ẹ̀wà. Methionine ni tirẹ̀ kò tó, àgbàdo sì ní ìyẹn. Bí ọmọ bá mu ẹ̀kọ tó sì fi àkàrà tì í, èyí tí ọ̀kan kò ní, èkejì á fi dí i. Kò sí dókítà tó kọ́ àwọn ìyá tó jókòó sábẹ́ igi náà ní èyí. Àwọn tó ṣáájú wọn ló mọ̀ pé àwọn méjèèjì bá ara wọn mu, wọ́n sì ń tà wọ́n pọ̀. Ọgbọ́n ńlá ni, ó sì yẹ kí á bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó ń ná ni ní eépìnnì méjì ni, kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ ló ní i.

Ẹ̀kọ nìkan kò ní ohun tí ojú ń rò pé ó ní. Ẹni tó bá ti bá ìyá rẹ̀ sẹ́ ògì rí á mọ ìdí. Wọ́n á rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á gbé e lọ sí ẹ̀rọ, wọ́n á sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ nírọ̀lẹ́. Ọwọ́ á tutù nínú omi débi pé ìka kì í fẹ́ ká mọ́. Iṣẹ́ ọmọdé ni láti gbé èèrí lọ fún àwọn ewúrẹ́, òǹkọ̀wé yìí sì fẹ́ràn rẹ̀, torí wọ́n á ti máa ké kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á máa fi orí kàn án lórúnkún. Inú èèrí yẹn ni púpọ̀ lára purotéènì àgbàdo bá lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú ìkòkò, tó funfun tó sì ń dán, kìkì ìyẹ̀fun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Òótọ́ ni pé kíkan ògì dára. Kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn rí ibi gbé nínú rẹ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe nǹkan kékeré nílé tí kò sí fíríìjì. Síbẹ̀, bí wọ́n bá tún wá fi omi là á fún ọmọ ọwọ́ kó lè rọrùn láti mu, inú ọmọ náà á kún, ara rẹ̀ á gbóná, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ rí ohun tó máa fi dàgbà.

Ẹyin ì bá ti ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹyin kò sì jìnnà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, òǹkọ̀wé yìí bá ẹyin kan lábẹ́ adìyẹ ìyá àgbà rẹ̀ nígun ilé ìdáná. Ó gbóná. Ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó gbé e lé tòsì, ó dì í mú nínú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Ìyá àgbà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n sì dá a padà sábẹ́ adìyẹ. Gbogbo àdúgbò ló gbà pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin, olè ni yóò yà, torí ohun tó bá mọ́ ọn lẹ́nu ni yóò máa wá kiri. Ọ̀rọ̀ ọrọ̀ ajé náà sì wà nídìí rẹ̀: ẹyin kan lónìí, adìyẹ kan ni lọ́jọ́ iwájú, adìyẹ sì ni owó ìwé, òun ni owó egbòogi. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú ẹran inú ọbẹ̀. Bàbá á jẹ tiwọn, àwọn àgbà á jẹ tiwọn, ọmọ á fi omi ọbẹ̀ jẹ iyán. Ìfẹ́ ọmọ kò kéré nínú ilé wọ̀nyẹn. Bí wọ́n ṣe gbà pé a ń tọ́ ọmọ rere nìyẹn.

Ọmọ ilé kejì kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí ìyá rẹ̀ lóyún òmíràn, tí wọ́n sì já a lẹ́nu ọmú. Ẹ̀kọ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó sanra lójú àwọn tí kò wò ó dáadáa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, irun orí rẹ̀ pọ́n, awọ ara rẹ̀ ń bó. Ohun tí òǹkọ̀wé yìí rántí jù ni pé kì í bá wọn ṣeré mọ́. Níbi tí àwọn yòókù ti ń ti ara wọn nítorí iná, ó máa ń jókòó sójú kan, kọ́ọ̀pù ẹ̀kọ níwájú rẹ̀, kò ní sunkún, kò ní rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní àbíkú ni. Àwọn mìíràn ní ayé ló ń bá ìyá rẹ̀ jà.

Dókítà Cicely Williams ti ṣàpèjúwe àrùn náà láti ọdún 1933, ní Gold Coast tó di Gánà lónìí: ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò, tí oúnjẹ àgbàdo nìkan sì wá di tirẹ̀. Kwashiorkor ni. Nígbà ogun abẹ́lé, láàárín ọdún 1967 sí 1970, àwòrán àwọn ọmọ Biafra jẹ́ kí gbogbo ayé mọ orúkọ yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Iléṣà sì rò pé àrùn ogun ni. Ó ti wà nínú agboolé tiwọn kí ìbọn tó dún.

Ilé ìwòsàn Wesley Guild, tí àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Iléṣà láti ọdún 1912, ni wọ́n gbé ọmọ náà lọ. Orí rẹ̀ ṣe rere, torí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wà lára ibi tí wọ́n ti ronú jinlẹ̀ jù lọ lágbàáyé nígbà yẹn lórí oúnjẹ ọmọdé. Láti àárín àwọn ọdún 1950 ni Dókítà David Morley, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì kò dúró de ọmọ tó ti ń kú lọ. Wọ́n ń wọn àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lórí òṣùwọ̀n déédéé, wọ́n sì ń fi àmì sí káàdì láti fi hàn bóyá ọmọ ń gòkè tàbí ó ń rẹlẹ̀. Ọwọ́ ìyá ni káàdì náà ń gbé, nínú àpò ọ̀rá, kì í ṣe ní ọ́fíìsì dókítà. Láti ibẹ̀ ni káàdì ìwọ̀n ọmọ ti tàn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀.

Nígbà tí ìyá ọmọ náà padà dé, ó bá òǹkọ̀wé yìí àti àwọn ọmọ yòókù níbi ààrò, ó sì fi káàdì náà hàn wọ́n bí ẹni tó fi ìwé ẹ̀rí hàn. Ó ní wọ́n ní kí òun máa lọ ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà kúnná sínú ẹ̀kọ ọmọ náà, kí òun máa fi edé sí i, kí òun sì máa fún un ní ẹyin.

“Ẹyin kẹ̀?” Ìyá ọkọ rẹ̀ ló dáhùn láti inú yàrá. “Ṣé àwọn nọ́ọ̀sì náà ni yóò wá bá wa bẹ ẹni tó bá jà lólè lọ́la?”

“Ẹ má bínú, ìyá. Wọ́n ní bí kò bá jẹ ẹ́, kò ní sí ọ̀la tó máa fi jalè.”

Agboolé dákẹ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò fèsì, wọn kò sì dá a dúró. Láti ìgbà náà ni òórùn ẹ̀pà yíyan ti ń bá ti ẹ̀kọ jáde láti ilé kejì láàárọ̀, àwọn ọmọ agboolé sì wá ń wá ìdí tí wọ́n fi máa yà síbẹ̀. Nígbà tí òjò máa fi bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà ti ń sáré.

Kì í ṣe gbogbo oúnjẹ ọyẹ́ ìgbà náà ló ní irú àbùkù yìí. Oúnjẹ alẹ́ sàn jù. Ìgbà ọyẹ́ ni iṣu tuntun wà nínú àká, ìgbà náà náà ni ẹ̀wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè lápá Àríwá ń bá ọkọ̀ ojú irin wá sí Òṣogbo, tí ọkọ̀ akẹ́rù á sì kó o dé Iléṣà. Ẹ̀wà pọ̀, owó rẹ̀ sì rọlẹ̀. Wọ́n á gbé e kaná lálẹ́ pẹ̀lú àgbàdo gbígbẹ, wọ́n á fi ògúnná sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ di àárọ̀, bí wọ́n bá sì ṣí ìdérí, àdàlú ti rọ̀ dé ibi tí ọmọ tí kò léyín lè jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn, iṣu ni wọ́n á rì sínú iná. Ọmọ á jókòó tì í, á máa fi igi gún un wò bóyá ó ti jinná, wọ́n á fi ọ̀bẹ ha ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti jó, wọ́n á bù ú sí méjì kí ooru jáde, wọ́n á sì tì í bọ inú epo pupa oníyọ̀.

Epo pupa yẹn ṣe ju adùn lọ. Ohun tó mú un pọ́n ni ara ń sọ di fítámìn A. Bí wọ́n bá yọ́ epo títí tó fi funfun, ó ti lọ. Àwọn oṣù ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ni èèyí máa ń jà jù, èèyí sì burú jù lọ́dọ̀ ọmọ tí fítámìn A kò tó lára rẹ̀. Ó lè fọ́ ọ lójú, ó lè pa á. Àwọn ọmọ kan tí òǹkọ̀wé yìí bá jókòó sídìí iná kan náà ni èèyí mú lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1960 ni Morley àti àwọn dókítà láti Amẹ́ríkà ti dán abẹ́rẹ́ àjẹsára èèyí wò lára àwọn ọmọ agbègbè náà, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1963, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó di ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọmọ. Ẹni tó bá ní kí á dá ọyẹ́ àtijọ́ padà, kí ó rántí pé ó ń béèrè fún èyí náà.

Ọdún 1988 ni Indomie wọ Nàìjíríà. Nígbà tó di 1995, wọ́n ti ń ṣe é ní Ọ̀tà. Kò pẹ́ tó fi di oúnjẹ àwọn ọmọdé. Kì í ṣe májèlé. Láti ọdún 2002 ni òfin ti ní kí wọ́n máa fi fítámìn A sí ìyẹ̀fun, ṣúgà àti òróró ní orílẹ̀-èdè yìí. Indomie ń jinná kíákíá, ó gbóná, ọmọ kì í kọ̀ ọ́. Bí ìyá bá fọ́ ẹyin sí i tó sì gé ẹ̀fọ́ lé e, ó ti ṣe dáadáa. Ohun tó ba òǹkọ̀wé yìí lẹ́rù ní ìkóríta yẹn ni pé abọ́ Indomie tí kò ní nǹkan mìíràn nínú jọ kọ́ọ̀pù ẹ̀kọ ọmọ ilé kejì jù. Ooru wà níbẹ̀, àyó wà níbẹ̀, èkejì rẹ̀ ni kò sí.

Àwọn ohun kan ti yí padà sí rere, ó sì yẹ kí á sọ ọ́ pẹ̀lú ayọ̀. Ìgbàgbọ́ pé ẹyin ń sọ ọmọ di olè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Lọ́dún 2012, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ ilé ìwé tí wọ́n pè ní O-MEALS, ẹyin sì wà lára ohun tí wọ́n ń bù fún àwọn ọmọ. Àwọn ìyá àdúgbò ni wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa se é. Lọ́dún 2016, ìjọba àpapọ̀ náà dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Ní Oṣòdì, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi sóyà sínú ògì láti ọjọ́ pípẹ́, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Ìbàdàn, sì wà lára àwọn tó polongo sóyà láàárín àwọn obìnrin ní ìparí àwọn ọdún 1980. Lónìí, ìyá tó gbé àgbàdo lọ sí ẹ̀rọ ní Iléṣà lè da sóyà pọ̀ mọ́ ọn láìsí pé ẹnikẹ́ni wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà, ìmọ̀ kò wọ́n wa mọ́. Lọ́dún 2024, ẹ̀wà ló wọ́n. Oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá ni wọ́n ṣì ń kórè rẹ̀ lókè Ọya, oṣù Kìíní ni àwọn ọmọ ń padà sílé ìwé nígbà tí ọyẹ́ ṣì ń mú. Ìjọba tó bá lè ra ẹ̀wà pamọ́ láàárín oṣù méjì yẹn, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ń wá oníbàárà, á rí ohun fi bọ́ ọmọ títí ọyẹ́ yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Kí wọ́n sì gbé oúnjẹ náà wá sí àárọ̀, kí agogo ilé ìwé tó dún: ẹ̀kọ aládàlù sóyà, àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín, ẹyin lọ́jọ́ tó bá ṣeé ṣe. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ṣì wà ní gbogbo ìkóríta. Kí wọ́n fún wọn ní ẹ̀wà ní iye tí wọ́n ń rà á tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì san owó iṣẹ́ wọn lásìkò.